Ta ló kọ́kọ́ ronú kan abẹ́rẹ́ Rhogam yìí?

AbẹkẹMushin: Ẹ kú iṣẹ́ o. O negative ni ẹ̀jẹ̀ mi, tọkọ mi O positive. Mo bímọ lánàá, nọ́ọ̀sì ní kí n gba Rhogam kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹ ò sì rí owó ẹ̀! Màmá ọkọ mi ní wọ́n kàn fẹ́ jẹ owó wa ni, ṣebí ara ọmọ le. Ta ló tiẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gan-an?

LábùBọ̀ì: Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, tó bá jẹ́ negative ẹ ò nílò ẹ̀. Tó bá jẹ́ positive, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè ti dà mọ́ tiyín nígbà ìbímọ, ara yín á kà á sí ọ̀tá, á wá kọ́ bó ṣe máa pa á, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jìyà ẹ̀. John Gorman, ará Australia tó ń bójú tó blood bank (ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí) ní ilé ìwòsàn Columbia-Presbyterian ní New York, òun ló ronú ẹ̀, pẹ̀lú Freda àti Pollack tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìwádìí. Ọgbọ́n yẹn dà bíi wèrè o: antibody (ohun ìjà tí ara ń ṣe sí ọ̀tá) tó ń pa ọmọ gan-an ló ní ká gún fún ìyá, kó lè tètè gbá ẹ̀jẹ̀ ọmọ dànù kí ara ìyá tó rí i. Ọ̀rọ̀ kan tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Theobald Smith, kọ ní 1909 ló rí kà tó fi ronú bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ọkùnrin ní ẹ̀wọ̀n Sing Sing ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ò sì gbà kí wọ́n máa wọlé wọ̀de lójoojúmọ́, wọ́n wá ń fi ọjọ́ mẹ́ta sáàárín ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ positive àti ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà, ibẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta ti wá.

Àgbà_Ìjẹ̀bú: Ẹlẹ́wọ̀n kẹ̀! Lónìí ta ló máa gbà fún wọn? Ẹ má sì gbàgbé àwọn dókítà Liverpool ní Ìlú Ọba, Finn àti Clarke (Clarke yẹn ń sin labalábá o!), àwọn náà ń ṣe é lọ́tọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ gba Lasker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ìṣègùn, ní 1980.

LábùBọ̀ì: Òótọ́ ni bàbá. Ìyá tó kọ́kọ́ gbà á, Kath, ìyàwó Frank tóun àti Gorman jẹ́ ọmọ ìyá ni. January 1964, Gorman fi oògùn ránṣẹ́ láti New York sí Ìlú Ọba. 1968 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i.

AbẹkẹMushin: O positive lọmọ o, ọkọ mi ti jáde lọ wá owó. Mo ka ti Kath fún màmá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ìyàwó ilé wọn ló gún un fún?" Ni wọ́n bá tú gèlè, wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún mi.