Ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ alẹ́, ilé tútù: ìdílé tó ń bọ̀ ní England lóṣù Kẹwàá

Ìyàwó Nọ́ọ̀sì (Ìbàdàn, ń bọ̀ ní Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Ọkọ mi ti gba físà Health and Care, nọ́ọ̀sì ni. Èmi àti àwọn ọmọ ń bá a lọ lóṣù Kẹwàá. Ọmọ ọdún 9 wà, ọmọ ọdún 4, àti ọmọ ọdún 2. Iṣẹ́ alẹ́ máa pọ̀ nínú tiẹ̀, èmi náà sì fẹ́ ṣiṣẹ́. Báwo la ṣe ń gba àyè iléèwé nígbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀? Ta ló lè máa bá wa mójú tó èyí tó kéré jù? Báwo lèèyàn ṣe ń gbé ilé wọn yẹn lásìkò òtútù tí gbogbo owó ò fi ní bá gáàsì lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Olùkọ́ (Bradford)

Ẹ káàbọ̀ o. Iléèwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé, torí òun ló máa ń pẹ́ jù.

Iléèwé ìjọba ò gba owó, kò sì sí lára ohun tí físà yín kà léèwọ̀. In-year admission ni wọ́n ń pe irú àyè tí ẹ ń wá yìí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) ibi tí ẹ máa gbé lẹ ti máa rí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn iléèwé kan máa ń gba ọmọ fúnra wọn. Káńsù á sọ èyí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ìwé ìrìnnà ọmọ, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé: ìwé àdéhùn ilé tàbí lẹ́tà council tax (owó orí ilé tí káńsù ń gbà). Àdírẹ́sì yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ìdílé dúró. Bí ẹ bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí fúngbà díẹ̀, ẹ pe káńsù kí ẹ béèrè ẹ̀rí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, ẹ má jókòó máa retí ìgbà tí ẹ bá rí ilé.

School Admissions Code ti ọdún 2021, ìwé òfin lórí gbígba ọmọ sí iléèwé, sọ pé kí wọ́n gbìyànjú láti fèsì láàárín ọjọ́ iléèwé 10, kò sì gbọdọ̀ kọjá 15. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ímeèlì sí wọn, kí ẹ sì dárúkọ ìwé òfin náà nínú rẹ̀.

Wọn kì í wo kíláàsì tí ọmọ wà nílé. Ọjọ́ orí ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ sì ni ààlà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 4 kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, Reception (kíláàsì àkọ́kọ́ ní iléèwé) ni tiẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló pé 4, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọlé. Bákan náà lọmọ ọdún 9: tó bá ti pé 9 kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, Year 5 ni, tó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Year 4. Bó bá tiẹ̀ ti wà ní Primary 6 n'Íbàdàn, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà ni wọ́n máa fi í sí. Ẹ tètè ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà, kó má rò pé wọ́n dá òun padà sẹ́yìn ni.

Ẹ kọ orúkọ iléèwé kún gbogbo àyè tó bá wà nínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá fún yín ní èyí tí ẹ ò fẹ́, ẹ gbà á kí ọmọ má bàa jókòó sílé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi orúkọ yín sílẹ̀ lórí ìwé ìdúródè ti èyí tí ẹ fẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí iléèwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó ṣe kedere: láti Reception dé Year 2, òfin ò jẹ́ kí ọmọ ju 30 lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ àwọn ọmọ kékeré fi ṣòro láti borí. Year 5 ò ní irú òfin yẹn, nítorí náà ẹjọ́ ti ẹ̀gbọ́n lè dúró dáadáa.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iléèwé ẹ̀gbọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò, kí àwọn méjèèjì sì máa wọlé ní bíi aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní breakfast club (ibi tí ọmọ ti ń jẹun àárọ̀ kí iléèwé tó wọlé), iye tó jẹ́, àti bóyá àyè ṣì wà nínú ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ Reception, Year 1 àti Year 2.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Birmingham)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Olùkọ́. Àbúrò, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 2 ni tèmi.

Kí ẹ tó kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù owó kankan, ẹ ka ohun tó wà lórí eVisa (físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì) yín. Tí ẹ bá rí "no recourse to public funds" (pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba), ẹ má fọwọ́ kan Child Benefit (owó ìrànwọ́ ọmọ), Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún àwọn tówó wọn kéré), tàbí ẹ̀dínwó council tax tí wọ́n ń fún àwọn tówó wọn kéré. Ẹni tó bá gbà á ti rú òfin físà, ó sì lè ṣàkóbá fún un nígbà tó bá fẹ́ tún físà ṣe. Àwọn kan á ní "gbogbo èèyàn ló ń gbà á". Ẹ má dá wọn lóhùn.

Wákàtí ọ̀fẹ́ ní nọ́sìrì kì í ṣe public funds. Oríṣi mẹ́ta ló wà, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Wákàtí 15 lọ́sẹ̀ tó wà fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 kan tiyín, ohun yòówù kí físà jẹ́. Sáà tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹta ló máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oṣù Kìíní, oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹsàn-án. Wákàtí 30 ti àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ àti Tax-Free Childcare (owó tí ìjọba fi ń kún owó ìtọ́jú ọmọ) kò kàn yín bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní àkọlé yẹn lórí físà.

Ẹ̀kẹta lèyí tí àwọn èèyàn wa kì í mọ̀: wákàtí 15 fún ọmọ ọdún 2 tí owó òbí rẹ̀ kò pọ̀. Ìdílé tó ní àkọlé yẹn náà lè gbà á, bí owó tó ń wọlé lọ́dún lẹ́yìn owó orí kò bá ju £26,500 lọ fún ọlọ́mọ kan, tàbí £30,600 fún ọlọ́mọ méjì sókè. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £34,500 àti £38,600. Owó tí ẹ fi pamọ́ ò sì gbọdọ̀ ju £16,000 lọ. Ọlọ́mọ mẹ́ta ni yín, £30,600 sì ni ààlà yín ní Leeds. Ọwọ́ káńsù lẹ ti máa béèrè fún un; ẹ mú ìwé owó oṣù, ìwé báńkì àti ẹ̀rí físà dání. Bọ́mọ bá ti rí i gbà, wọn kì í gbà á padà torí pé owó yín gòkè lẹ́yìn náà. Nítorí náà, gbàrà tí ọkọ bá ti gba owó oṣù àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti fi ìwé sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún ni wákàtí 15 yìí, ìyẹn àsìkò iléèwé nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́sìrì bóyá wọ́n lè pín in ká gbogbo ọdún. Á dín kù sí bíi wákàtí 11 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní wá ẹni tó máa mú ọmọ lásìkò ìsinmi.

Bàbá Ìbejì (Peckham)

Wákàtí 15 ò tó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbé ọmọ lọ bá a nílé, kí ẹ máa fún un ní nǹkan lóṣù. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é.

Alágbàtọ́ ọmọ (Manchester)

Bàbá, ẹ má bínú, ibẹ̀ yẹn gan-an lewu wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó láti mójú tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara rẹ̀, tó sì ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted (àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iléèwé àti ìtọ́jú ọmọ) tàbí ilé iṣẹ́ alágbàtọ́ tí Ofsted fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ àpò ìrẹsì lẹ fi ń san án, owó náà ni lójú òfin. Ìyá ìyá ọmọ, ìyá bàbá rẹ̀, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kò sí nínú òfin yìí. Ìyá ìjọ wà nínú ẹ̀. Bí òun bá wá bá ọmọ nínú ilé yín, kò pọn dandan kó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ fún oníṣẹ́ alẹ́ nìyẹn.

Ohun kejì: àwọn èèyàn wa máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ "aunty" fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè rówó kó jọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tó bá máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́, private fostering ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹbí tímọ́tímọ́ níbí ni òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà lẹ pe ara yín.

Ẹ má fi ọmọ ọdún 9 ṣọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lóru. Òfin ò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó, ṣùgbọ́n bí ewu bá wà fún ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́rùn òbí. NSPCC, àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé, ní kì í sábàá yẹ kí wọ́n fi ọmọ tí kò tíì pé 12 sílẹ̀ ní òun nìkan fún ìgbà pípẹ́, àti pé ọmọ tí kò tíì pé 16 kò gbọdọ̀ dá sùn mọ́jú.

Ẹ gbàgbé pàṣán pátápátá. Ní Scotland láti 2020 àti Wales láti 2022, kò sí àwáwí kankan mọ́ fún òbí tó bá na ọmọ. Ní England, bó bá ti fi àpá sára, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, olùkọ́ tó bá sì rí i gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Oníbọ́ílà (Salford)

Ọ̀rọ̀ ilé kù. Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń ba ilé jẹ́ fún àwọn èèyàn wa, omi ni. Ẹ̀wà ń hó fún wákàtí méjì láìdé, aṣọ tútù wà lórí rédíétọ̀ (irin tó ń mú yàrá móoru), gbogbo fèrèsé sì wà ní títì torí òtútù. Oru omi yẹn ò níbi tó máa gbà jáde, ó máa lọ bà sára ohun tó bá tutù jù nínú ilé: gíláàsì fèrèsé, igun yàrá, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri ìta. Bí ibẹ̀ bá ti ń rin fún ọjọ́ mélòó kan, ohun dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Mould nìyẹn. Ó ń jẹ́ kó nira fún ọmọdé láti mí, ó sì tún burú fún ọmọ tó bá ní asímà.

Ẹ dé ìkòkò. Ẹ tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí ẹ bá ń sè. Lórí férémù fèrèsé, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábà máa ń wà tó ní ìdérí. Ẹ ṣí i, ẹ má fi tápù lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ sún àga àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ìta ní bíi ìka mẹ́ta. Láràárọ̀, ẹ nu omi fèrèsé, kí ẹ fún aṣọ ìnulẹ̀ náà sínú síǹkì.

Ẹ fi thermostat (ohun tí wọ́n fi ń darí ooru ilé) sí 18°C. Ẹni tó ń pa gbogbo rẹ̀ títí ògiri á fi tutù wọnú, tó wá ń tan án gan-an fún wákàtí kan, ògiri rẹ̀ kì í móoru, omi ló ń dà sí i lára.

Bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń mú omi àti ilé gbóná): ẹ wo ọwọ́ aago tó ń fi agbára omi inú rẹ̀ hàn nígbà tó bá tutù, láàárín 1 àti 1.5 bar ló yẹ kó wà. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, bọ́ílà á kọ̀ láti tàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí filling loop (páìpù tí wọ́n fi ń dá omi kún un) wà, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 1.5, kí ẹ sì tì í le. Bó bá tún ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, omi ń jò níbì kan, iṣẹ́ onílé nìyẹn. Bó bá kú ní àárọ̀ tí yìnyín bolẹ̀, ẹ wo páìpù oníke tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde síta. Ó lè ti dì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa dà sí i, kì í ṣe omi tó ń hó, kí páìpù má bàa là.

Mítà onísísan-ṣáájú: lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni ín kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sí i. Gbèsè ẹni tó kó jáde lè wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ó sì máa san án. Owó ojoojúmọ́ kan tún wà tí mítà ń yọ, ẹ lo gáàsì o, ẹ ò lò ó o. Ẹni tí kò fi owó sí i látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó wá fi £20 sí i lóṣù Kẹwàá, gbèsè yẹn ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ẹ má tan èédú tàbí sítóòfù kẹrosíìnì nínú ilé láé. Gáàsì olóró tí kò ní òórùn ń jáde lára wọn, ó sì ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń ké fún carbon monoxide (gáàsì olóró yìí) wà nínú yàrá tí bọ́ílà wà. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, kí ẹ pe 0800 111 999.

Ìyàwó Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ọmọ mẹ́ta ńkọ́? Ibo la máa sá a sí bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́?

Oníbọ́ílà (Salford)

Yàrá kan ṣoṣo, balùwẹ̀ ló dáa jù: ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan fáànù tàbí kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó kún lè tú nǹkan bíi lítà omi méjì sínú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fún aṣọ náà gbẹ ní ìyípo 1,200 tàbí 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Bí owó bá wà, ẹ ra dehumidifier (ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́). Oní wáàtì 250 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà jẹ yúníìtì iná kan ààbọ̀ péré, aṣọ á sì gbẹ mọ́jú.

Bí ohun dúdú bá ti hù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bleach ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ fi nù ún, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí ọṣẹ olómi mìíràn. Gáàsì burúkú ló ń mú jáde. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á. Bó bá jẹ́ pé òrùlé ń jò tàbí fáànù ti kú, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí onílé. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sí ẹ̀ka environmental health (ẹ̀ka ìlera àyíká) ní káńsù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Birmingham)

Ẹ fi orúkọ gbogbo yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP (dókítà àdúgbò) lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Bí akọ̀wé bá ní ẹ ò ní ẹ̀rí àdírẹ́sì, ẹ rọra sọ fún un pé ìlànà NHS England (àjọ ìlera ìjọba) ò sọ pé ó pọn dandan. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: ọmọ tí kò ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbára lé, wọ́n á kà á sí ẹni tí kò gba rárá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Peckham)

Mo gbọ́ ti alágbàtọ́ yẹn, ó dáa. Ti ẹrù ni kí n fi kún un. Ẹ má gbé pọ̀ǹmọ́, kílíṣí, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà. Wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ ṣeé gbé, tí kò bá ju kílò 20 lọ lórí ẹnì kan. Gàrí àti èlùbọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Harehills ní Leeds, ẹ má fi wọ́n jẹ kílò. Láìsẹ̀nsì Nàìjíríà yín ṣeé fi wakọ̀ fún oṣù 12 láti ìgbà tí ẹ bá ti di olùgbé, lẹ́yìn ẹ̀, ìdánwò ni. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa lo àga ọmọdé nínú mọ́tò, títí wọ́n á fi pé ọdún 12 tàbí ga tó sẹ̀ǹtímítà 135.

Ìyàwó Nọ́ọ̀sì

Ṣé mo lè fi fọ́ọ̀mù iléèwé ránṣẹ́ láti Ìbàdàn?

Olùkọ́ (Bradford)

Ọ̀pọ̀ káńsù ò ní dá a lóhùn àfi tí ọmọ bá ti wọ̀lú. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ibẹ̀ ni kí ẹ gba lẹ́tà àti èsì ìdánwò tuntun lọ́wọ́ iléèwé wọn, kí ẹ sì rí i pé eVisa ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣí lórí UKVI account (àkáǹtì físà yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì). Ìwé ìbí, káàdì abẹ́rẹ́, lẹ́tà iléèwé: inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, ẹ má kó wọn sínú ẹrù tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfurufú.