Golf R mánúà tàbí oníkílọ́ọ̀ṣì méjì: èwo ni kí n rà?

ÌyáÌbejì_Kent

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fowó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ torí Volkswagen Golf R. Owó ti pé báyìí, mo sì ti rí méjì. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì, owó wọn ò jìnnà síra. Búlúù ni ọ̀kan, mánúà onígíà mẹ́fà. Funfun ni èkejì, DSG, ìyẹn oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀, gíà mẹ́fà lòun náà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn, lítà méjì, agbára ẹṣin 300.

Ibi tí mo há sí rèé. Ìbàdàn ni bàbá mi ti kọ́ mi ní mọ́tò, Peugeot 504 tó ti gbó ló sì fi kọ́ mi. Àárọ̀ Sunday, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, òkè Mọ́kọ́lá la máa ń lọ. Á ní kí n dúró lágbede-méjì òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á fi páálí ìṣáná sẹ́yìn táyà, á wá ní "Ó yá, gbéra." Tí ọkọ̀ bá fi lè yí sẹ́yìn tó tẹ páálí yẹn fọ́, owó mi ni màá fi ra òmíràn fún ìyá mi. Mo ra ìṣáná o! Àmọ́ ọjọ́ tí etí mi gbọ́ ọ nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ díẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń di ọkọ̀ mú, bàbá mi ò sọ̀rọ̀ kankan. Ó mú páálí nílẹ̀, ó ṣá ìṣáná kan, ó tan sìgá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi ń fà sí búlúù. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan máa ń lọ sáré ní Brands Hatch, pápá eré ìje ọkọ̀, mánúà sì ni ọkọ̀ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Paddock Hill, níbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ bíi kòtò, ẹ ó gun òkè lọ sí Druids. Ibẹ̀ ni màá ti fi orí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, màá fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà ta iná sí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan kí ìyára rẹ̀ lè bá ti gíà mu, màá sì já a sí gíà kejì. Nínú ìgbà mẹ́wàá, mẹ́rin péré ló máa ń dọ́gba. Mẹ́rin yẹn ló ń mú mi padà lọ.

Ṣùgbọ́n ọ́tò ni bàbá ìbejì fi ṣe ìdánwò níbí, líṣẹ́ńsì rẹ̀ ò sì gbà á láyè láti wa mánúà. Tí mo bá ra búlúù, èmi nìkan ni awakọ̀ ilé, títí kan àárọ̀ tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé tí ojú mi ń pọ́n, tí àwọn ọmọ ní láti lọ sílé-ìwé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Aláré_Houston

Àǹtí, ẹ ra funfun, kí lẹ tún ń rò? Volkswagen fúnra wọn ló sọ ọ́: láti ìdúró dé ìyára kìlómítà 100 ní wákàtí kan, mánúà gba ìṣẹ́jú-àáyá 5.1, DSG gba 4.9. Ẹni tó bá sì mọ mánúà wà dáadáa ló máa rí 5.1 yẹn o. Èmi tí ẹ ń wò yìí, a máa ná an ní 6.

Nissan GT-R ni mò ń wà. Láti 2007 tí wọ́n ti gbé irú tèmi yìí, R35, jáde, oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ni, wọn ò ṣe mánúà rẹ̀ rí. Kí ìka mi tó kúrò lára ohun tí mo fà lẹ́yìn ìdarí, gíà ti wọlé. Ẹ tún sọ pé iṣẹ́ alẹ́ lẹ ń ṣe. Ẹ ò ro ti orúnkún yín ni?

BàbáGíà_Muṣin

Màmá ìbejì, ẹ kú ìnáwó, Ògún á máa ṣọ́ ọkọ̀ náà fún yín o.

Iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ọdún kọkàndínlógún rèé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún nǹkan kan sọ, torí mo rí i pé gbogbo èèyàn ń pe DSG ní ọ́tò bíi ti Camry. Irọ́ ni. Ti Camry tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ọ́ìlì ló ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara gíà, ohun tí à ń pè ní torque converter. Ṣùgbọ́n ẹ tú DSG síta, mánúà lẹ máa bá nínú rẹ̀: eyín gíà ni, síńkírò tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́ ni, fọ́ọ̀kì tó ń ti gíà wọlé ni. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ọ̀pá méjì ló ń gba agbára wọlé, ọ̀kan wà nínú èkejì bí ìgbà téèyàn ki igi bọ páìpù. Kílọ́ọ̀ṣì kan ló ni gíà 1, 3 àti 5. Èkejì ló ni 2, 4 àti 6. Bẹ́ ẹ bá wà lórí 3 tẹ́ ẹ ń tẹná, kọ̀ǹpútà ti ki 4 sílẹ̀ dè yín. Tó bá tó àkókò, kílọ́ọ̀ṣì kan á máa tú bí èkejì ṣe ń di mú, agbára ò ní já láàárín. Ìyẹn ni Aláré ń fi yangàn.

Ńṣe ni kọ̀ǹpútà yẹn ń méfò ṣá o. Tó bá ti ki 4 sílẹ̀, tẹ́ ẹ wá ṣàdédé tẹ bíréèkì pé 2 lẹ fẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ 4 kó tó ki 2. Ẹ ó rí i pé ó máa ń rò ó díẹ̀. Ní Druids tẹ́ ẹ wí yẹn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó ń pa á gan-an ni ooru. Ọ̀gá kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá, ó ní ó ń gbọ̀n tó bá wà lórí gíà kìíní. Mo ní ká jọ jáde. A bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbi tí afárá ti ń gòkè, mo bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀: kò kan bíréèkì rárá! Iná ló ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa yí sẹ́yìn. Mo ní, "Ọ̀gá, kílọ́ọ̀ṣì lẹ fi ń dáná yìí o." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tí a tú u, ọ́ìlì dúdú bí omi àgbo, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò.

Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ti funfun tẹ́ ẹ rí yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fara da ooru ju èyí tó gbẹ lọ. Àmọ́ ọ́ìlì náà àti fílítà rẹ̀, gbogbo máìlì 40,000 ni wọ́n ń yí i, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé. Tí ẹni tó ń tà á bá ní "kò nílò ìyẹn", ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Búlúù náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ẹ fi sí gíà kẹrin nígbà tí kò tíì sáré púpọ̀, ẹ tẹná mọ́lẹ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tí ọkọ̀ ò bá a lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn, owó ńlá sì ni.

Àgbà_Peckham

Aláré ò purọ́, ṣùgbọ́n ṣé torí ìṣẹ́jú-àáyá nìkan lèèyàn ṣe ń ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo Porsche. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń dán kílọ́ọ̀ṣì méjì wò lára ọkọ̀ eré ìje wọn, 956 àti 962. Nígbà tó di 2013, wọ́n gbé 911 GT3 tuntun jáde, wọ́n ní PDK, ìyẹn oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tiwọn, nìkan ló wà, kò sí mánúà mọ́. Àwọn oníbàárà wọn fárígá. Ní 2016 wọ́n wá ṣe 911 R, mánúà nìkan, 991 péré, àwọn tó sì rí i rà ń tún un tà ní owó tó ga fíofío. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mánúà padà sínú GT3. Títí di òní, lára GT3 ìran tuntun tí wọ́n ń pè ní 992, mánúà fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju PDK lọ dé kìlómítà 100, 3.9 sí 3.4, àwọn èèyàn ṣì ń yàn án. Ọwọ́ wọn ló fẹ́ ṣiṣẹ́.

Èmi ò ní Porsche o. Bọ́ọ̀sì pupa ni mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù yìí fún ọdún mẹ́tàlélógún, ọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́. Honda Civic Type R tí mo rà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mánúà nìkan ni wọ́n ń ṣe é, inú mi sì dùn pé wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ní ti ọkọ yín, òfin gbà á láyè kó lẹ L, àmì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, mọ́ búlúù, kí ẹ̀yin jókòó tì í, kó máa kọ́ ọ.

Aláré_Houston

Bàbá, L lára Golf R! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀, ẹ wá sọ fún wa o.

ÌyáÌbejì_Kent

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti lọ wa méjèèjì.

Búlúù ni mo kọ́kọ́ wà. Mo yà kúrò níbi tí ẹni tó ń tà á ní kí n gbà, mo gbé e lọ sí òkè Chatham Hill. Mo dúró lágbede-méjì, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ki gíà kìíní, mo dẹtí sílẹ̀ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ ò yí. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan o, ó ti di ara rẹ̀ mú fúnra rẹ̀! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ bíréèkì dè mí. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì mí ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, kò mọ̀ pé páálí ìṣáná ni mò ń wá.

Gíà rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́, láti kejì sí ìkẹta ó ń wọlé bíi kọ́kọ́rọ́ tó mọ ilé rẹ̀. Àmọ́ àtorí òkè yẹn ni mo ti mọ̀ pé 504 bàbá mi ni mo fẹ́ rà láti ọdún mẹ́fà yìí, kò sì sí ẹni tó ń tà á.

Ni mo bá ra funfun. Máìlì 38,600 ló wà lórí rẹ̀, mo sì taku pé àfi kí wọ́n yí ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì kí n tó sanwó. Wọ́n yí i, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ti Druids, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ṣì wà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ ròyìn. A ń bọ̀ láti ibi ìkómọjáde, bàbá ìbejì gbé abọ́ ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n dì fún wa sórí itan. A dé oríta, ẹsẹ̀ mi òsì dìde lọ wá kílọ́ọ̀ṣì. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Bíréèkì ọkọ̀ ọ́tò sì fẹ̀ bí awẹ́ ìlẹ̀kùn, ni mo bá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá Gíà, kí ni wọ́n fi ń fọ epo pupa kúrò lára ìjókòó aláwọ?

BàbáGíà_Muṣin

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú díẹ̀, aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ẹ sì ká ẹsẹ̀ òsì yín sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.