Ọ̀rọ̀ inú àwo orin pọ́ǹkì wa àkọ́kọ́ kò yé ìyá mi: kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ mọ̀ nípa orin, mo kí yín o. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ orin pọ́ǹkì (orin gìtá aláriwo tó máa ń yára, tí kì í sì í gùn) ní Ilé-Ifẹ̀, nínú yàrá kan ní Lágere tí a fi kíréètì ẹyin bo ògiri rẹ̀ kí ariwo wa má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́. A ti gba orin 12 sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú 26 lọ.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa tún un ṣe ní Iléṣà ní kí a fa àwọn orin náà gùn. Mi ò gbà, nítorí pé àwo àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì Ramones, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, ní orin 14, kò sì pé ìṣẹ́jú 30.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí akọrin wa bá ti ń pariwo, àmì ohùn Yorùbá máa ń sọnù, débi pé "ìlú" tí à ń ké lé lórí á di "ìlù" létí olùgbọ́. Ìyá mi gbọ́ orin kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sún mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì bi mí pé ta ló ń lu ìlù tí à ń sunkún lé lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú orin yìí rí, ṣé kí a tún ohùn nìkan gbà, kí a sì dín gìtá kù, àbí kí a tẹ ọ̀rọ̀ orin sí ẹ̀yìn páálí àwo? Owó tó kù lọ́wọ́ wa kò ju ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀.