Ológbò méjì tí kò ṣeé yà: ṣé kí n kó méjèèjì ni àbí kí n wá ẹyọ kan?

Adùnní Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá kan ládùúgbò wa ń kó lọ sí Kánádà, ó wá ní ológbò méjì tó fẹ́ fi tọrẹ, akọ kan abo kan, ọmọ ìyá kan náà, wọn ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Èmi ẹyọ kan ni mo fẹ́ torí eku ti sọ ilé wa di tiwọn, wọ́n ń jẹ gàrí wọ́n ń jẹ wáyà, mi ò sì lè da májèlé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ kékeré wà nílé. Àmọ́ màmá yẹn ní òun ò ní yà wọ́n. Ó ní ìgbà tí akọ sun ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, abo ò fẹnu kan oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí tó ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Àánú ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n rúùmù àti pálọ̀ la ní, ẹja ti gbówó lórí, ọkọ mi sì ní ẹnu méjì kì í ṣe ẹnu kan. Kí ni kí n ṣe?

Wálé:
Àǹtí Adùnní, ẹ kó méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo ológbò tó jọ ń gbélé kan ló rí báyìí o, àwọn míì wà tó jẹ́ pé abọ́ oúnjẹ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ẹ lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ lọ wò wọ́n fúnra yín: tí wọ́n bá ń dì mọ́ra sùn, tí wọ́n ń lá ara wọn lára, tí ọ̀kan kúrò níbẹ̀ tí ìkejì ń wá a kiri, ẹ má yà wọ́n. Ológbò tí ò jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ọmọ ológbò tó dá wà sì rèé, tí gbogbo yín bá ti lọ síbi iṣẹ́, kọ́tìnì yín ló máa fi ṣeré.

Mọlará:
Mi ò ta ko Wálé, àmọ́ ẹ ò tíì sọ èyí tó le jù. Akọ àti abo! Ológbò ò mọ ẹ̀gbọ́n ò mọ àbúrò o, láti bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún abo ti lè lóyún, oyún ọ̀hún ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kí màmá yẹn tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá kó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún abo kó má lè bímọ, kẹ́ ẹ jọ pín owó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà, láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbà á, ẹ béèrè káàdì rẹ̀. Tí ò bá sówó fún èyí, ẹ wá ẹyọ kan níbòmíì, èyí tó ti dàgbà tí dídá wà ti mọ́ lára, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Àlíyà:
Adùnní ọmọ mi, o kú wàhálà eku. Nílé tiwa ológbò ò wọ́n, Ànábì wa kúkú ti sọ pé kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Orí ẹja ni kó o máa rà lọ́jà Ọba, bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i, yọ egungun. Má fún wọn lọ́bẹ̀ o, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Má gbọ́ tàwọn tó ní kó o febi pa wọ́n kí wọ́n lè peku, ológbò tó yó náà ń peku. Bẹ àwọn ará ilé nítorí májèlé, tí eku bá jẹ ẹ́ tí ológbò wá jẹ eku yẹn, ó lè kú. Ṣé ọ̀kan nínú wọn dúdú? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kó o tó gbé e wọlé, torí àwọn kan ṣì ń ka ológbò dúdú sí àjẹ́, wọ́n lè sọ ọ́ lókò.

Adùnní Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ ṣé mà. Abo ló dúdú, màá rí lánlọ́ọ̀dù. Mo ti pe màmá yẹn, ó ní òun á san ti abo, kí n san ti akọ. Ọkọ mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni o, ó ní ká jọ lọ wò wọ́n ní Sátidé. Wálé, tí wọ́n bá dé, ṣé kí n kọ́kọ́ tì wọ́n mọ́ yàrá kan ni?

Wálé:
Bẹ́ẹ̀ ni, rúùmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n sí fún bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ gba aṣọ tí wọ́n ń sùn lé lọ́wọ́ màmá yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ti ń jẹun dáadáa, ẹ ṣílẹ̀kùn pálọ̀ fún wọn.