Bó bá jẹ́ pé fífà nìkan ni iṣan mọ̀, kí ló ń ti ilẹ̀kùn?

Àdùkẹ́_B: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ wa ní iṣan ara kì í ti nǹkan, pé fífà nìkan ló mọ̀. Kò yé mi. Tí mo bá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ṣé kì í ṣe iṣan ló tì í ni?

Atọ́jú_Oríkèé: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti tábìlì, kí ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn apá yẹn mú, láàárín èjìká sí ìgúnpá. Ó le koránkorán, àbí? Iṣan yẹn so mọ́ ṣóńṣó egungun ìgúnpá. Bó ṣe ń súnkì, ó ń fa ṣóńṣó náà sọ́dọ̀ èjìká, apá á sì nà. Nínà tí apá nà ló ti tábìlì. Ẹ wá gbé etí tábìlì láti abẹ́: ti ẹ̀yìn á rọ̀, ti iwájú á le. Bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì ní láti dẹwọ́. Ẹ má fojú kéré dídẹwọ́ yẹn o! Lára àwọn tí mò ń tọ́jú lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, apá ẹlòmíràn á ká kò mọ́ àyà, torí pé iṣan iwájú kọ̀, kò dẹwọ́.

Ìka_Dídùn: Ẹ tún di apá mú nísàlẹ̀ ìgúnpá, kí ẹ máa ká ìka ọwọ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ń mira. Àwọn iṣan tó ń ká ìka kò sí nínú ìka rárá.

Àdùkẹ́_B: Mo ṣe é, ó mira lóòótọ́! Báwo wá ni iṣan ṣe ń súnkì?

Atọ́jú_Oríkèé: Tí iṣẹ́ bá ti ọpọlọ dé, kálísíọ̀mù á tú jáde nínú iṣan. Fọ́nrán kan tó ń jẹ́ myosin á di èkejì, actin, mú, á fà á, á tú u sílẹ̀, á tún mú iwájú. Àwọn fọ́nrán náà ò kúrú, ṣe ni wọ́n ń yọ́ wọ àárín ara wọn. Ọdún 1954 ni Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke, pẹ̀lú Hugh Huxley àti Jean Hanson, gbé àlàyé yìí jáde. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé láìsí ATP, agbára tí ara ń ná, myosin ò lè tú actin sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkú fi ń gan: ATP ti tán, ọwọ́ tó dì mú ò lè tú mọ́.