Kókó lára ajá: ṣé síńkì àti sẹlẹ́níọ̀mù lè tú u ká?

Alájá Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá ọdún méje, 20 kílò. Kókó kan yọ ní ìhà rẹ̀, ó tó ekùrọ́. Wọ́n ní kí n máa fún un ní síńkì 50 mg àti sẹlẹ́níọ̀mù 200 mcg tí èèyàn ń lò. Ẹ̀bà, èèrí àgbàdo àti orí ẹja láti ọjà Olúwo ló ń jẹ. Ṣé yóò lọ?

Oníṣègùn Ẹran: Kò ní lọ. Awọ tó ń sé èépá yí ojú, ẹnu àti àtẹ́lẹsẹ̀ ká ni síńkì ń wò, kì í ṣe kókó. Èèrí lè fà á: ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń di síńkì mú nínú ìfun, tí kì í jẹ́ kó wọ ara. Eegun àpọ̀jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àìtó bá wà lóòótọ́, 2 sí 3 mg fún kílò kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Bí inú bá ṣófo, yóò bì í. Ẹ ka páálí dáadáa: 220 mg zinc sulphate, 50 mg péré ni síńkì inú rẹ̀. Sẹlẹ́níọ̀mù ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ó wà nínú ẹja, àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n rẹ̀ àti májèlé kò sì fẹ̀.

Alájá Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé. Ó máa ń wú, á tún fà. Ẹnì kan ní ìdin ni, ká fi fásílìnì bò ó, ká fún un jáde.

Oníláàbù: Ẹ má fún un o! Ìdin máa ń ní ihò kékeré lórí, ẹ óò rí i tó ń mí níbẹ̀. Kókó tó ń wú tó ń fà láìní ihò lè jẹ́ mast cell tumour, irú jẹjẹrẹ awọ kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, histamine, èròjà tó ń mú ara wú, tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde: awọ á pọ́n, ajá á máa bì, ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú.

Láti mọ ohun tí kókó náà jẹ́, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 22 tàbí 23 àti síríńjì 5 ml ni dókítà yóò fi gún un. Á fi ìka méjì di kókó náà mú, á ti abẹ́rẹ́ síwá sẹ́yìn ní ọ̀nà bíi mẹ́ta láìyọ ọ́ síta, lẹ́yìn náà á fa abẹ́rẹ́ yọ, á yọ síríńjì kúrò lára rẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ sínú síríńjì, á tún un so, á wá fẹ́ ohun tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ sórí slide, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń dán bí òróró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá lásán.

Oníṣègùn Ẹran: Bó bá jẹ́ mast cell, iṣẹ́ abẹ ni: 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà yí i ká, àti ìpele ara kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni ohun tí wọ́n gé ń lọ. Ẹ má fi slide sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ o, òórùn formalin nìkan ti tó láti bà á jẹ́.