Spider-Man wo ni kí n yà sí sáìnbọ́ọ̀dù mi, Peter àbí Miles?

Onígbàjámọ̀_ÒkèÀró:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín àmọ́ ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi látàná, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá. Iṣẹ́ irun gígẹ̀ ni mò ń ṣe ní Òkè Àró níbí ní Àkúrẹ́, mo fẹ́ tún sáìnbọ́ọ̀dù mi kùn torí òjò ti fọ ti tẹ́lẹ̀ dànù, orí tó wà níbẹ̀ ò ní imú mọ́. Mo sọ fún bọ̀dá tó fẹ́ bá mi kùn ún pé kó ya Spider-Man sí i, kó jókòó sórí àga kí n máa gẹ irun ẹ̀ (mo mọ̀ pé ó dé ìbòjú, ẹ má bá mi wí, àwàdà ni). Ni bọ̀dá bá bi mí pé èwo nínú ẹ̀, ti pupa àti búlúù ni àbí ti dúdú tó ní pupa lára. Kí n tó lanu, àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ti pariwo pé Miles ni, ìyẹn Miles Morales, Spider-Man tuntun tó ń wọ dúdú, ta ló tún ń wo Peter. Ẹ gbọ́ o, ta ló tún ń wo Peter!

Èmi tí mo ti ń ra kọ́míìkì àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba láti JSS2, tí ìdajì ẹ̀ ò ní èèpo ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ìtàn míì wà tí mi ò mọ bó ṣe parí títí dòní. Peter Parker ni mo mọ̀. Ọmọ òrukàn tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀, owó ilé ò pé lọ́wọ́ ẹ̀, ọkọ àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà wá kú torí olè kan tó yẹ kó dá dúró tó sì ní kò kan òun. Ká má parọ́, èmi gan-an nìyẹn, aláǹtakùn nìkan ni ò tíì bù mí jẹ.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí wọn ò lè dá ẹni tuntun sílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tiẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n máa ń bọ̀ sí i lọ́rùn? Thor di obìnrin, Captain America di ẹlòmíì, Iron Man bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé èmi nìkan ni inú ń bí ni àbí mo ti ń darúgbó? Ọjọ́ Sátidé ni bọ̀dá ọlọ́dà ń padà bọ̀ o, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá_Kọ́míìkì_Òǹdó:
Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo darúgbó, ọ̀rọ̀ yẹn ló ti gbó. Flash tí ẹ̀yin mọ̀ yẹn, akọni tó ń sáré bí mànàmáná, Barry Allen, arọ́pò lòun náà. Jay Garrick ló kọ́kọ́ jẹ́ Flash lọ́dún 1940, akoto irin ló máa ń dé, Barry ò dé àfi 1956. Green Lantern tí agbára ẹ̀ wà nínú òrùka náà bẹ́ẹ̀, Alan Scott ló ni ín lọ́dún 1940, Hal Jordan wá gbà á lọ́dún 1959. Àwọn tó wá ń sunkún lẹ́yìn náà pé wọ́n gba ipò Hal, wọn ò rántí pé Hal náà jókòó sórí àga ẹlòmíì. Barry kú ní 1985, Wally West tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ gbé aṣọ náà wọ̀, ó wọ̀ ọ́ ju ogún ọdún lọ, àfìgbà tí Barry jí padà ní 2008. Àbíkú ni gbogbo wọn, ẹ má máa sunkún jù lórí òkú wọn, wọn ò fi àmì sí wọn lára ni.

Àmọ́ o, èyí tó gbóná jù ni ti 1994. Wọ́n pa ìlú Hal Jordan run, orí ẹ̀ dàrú, ó gbógun ti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, òrùka kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kyle Rayner. Inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, HEAT lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò ju pé ẹ dá Hal padà fún wa. Tó o bá fara balẹ̀ wò ó, kì í ṣe Kyle gan-an ló dùn wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lé Hal jáde ni. Ẹni tí èèyàn ti fẹ́ràn láti kékeré, wọ́n sọ ọ́ di apànìyàn kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Ṣé ẹni tó bá fẹ́ kí ìyàwó tuntun gbádùn ilé ló máa ba ìyáálé lórúkọ jẹ́ láàárín àdúgbò kó tó mú ìyàwó wọlé? Hal padà wálé ṣá, 2004 ni, Kyle náà ò sì kú, gbogbo wọn jọ wà níbẹ̀.

Ajé_ni_kókó:
Bàbá ẹ kú ìtàn o, àmọ́ ẹ ò tíì dárúkọ owó. July 2014, ibi tí wọ́n ti kéde Thor obìnrin ni The View, ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kejì ẹ̀ wọ́n kéde Sam Wilson pé òun ni Captain America tuntun lórí ètò àwàdà Stephen Colbert. Ṣé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka kọ́míìkì máa ń jókòó sí? Àwọn tí ò ra ìwé rí ni wọ́n ń ké sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, ẹ máa bínú, ẹ sì máa rà á kẹ́ ẹ lè rí ibi tẹ́ ẹ máa tọ́ka sí tẹ́ ẹ bá ń bínú. Ẹ tún wo ọgbọ́n míì, tí ẹni tuntun bá ti dé, wọ́n á tún ìwé kà láti nọ́ńbà 1, àwọn tó ń kó ìwé pamọ́ á máa du nọ́ńbà 1 bí ẹni du ìrẹsì ẹ̀dínwó.

Ẹ máa sọ pé ìfẹ́ ni. Ẹ lọ bi Jason Todd. Òun ni Robin kejì, ọmọ ẹ̀yìn Batman, ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ràn ẹ̀ torí kì í ṣe Dick Grayson tí wọ́n mọ̀. Ní 1988 wọ́n gbé nọ́ńbà fóònù méjì jáde, ọ̀kan fún kó kú, ọ̀kan fún kó yè, 50 sẹ́ǹtì ni ìpè kan. 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè. Ìbò 72 ló pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n sì gbowó lọ́wọ́ àwọn tó pa á.

Àǹtí_Tíṣà:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Onígbàjámọ̀, ìwọ tó ò ń gbé Àkúrẹ́, ṣé o ò gbọ́ nípa Adélé rí ni? Tí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ẹ̀ ló ń délé dè é títí wọ́n á fi fi ọba tuntun jẹ. Aṣọ ọkùnrin ló máa ń wọ̀, òun ló máa jókòó láàfin, àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí á máa forí balẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó jáde lọ sí Arákálẹ̀ lọ pariwo pé wọ́n ti sọ Déjì di obìnrin o. Gbogbo wa mọ̀ pé oyè ló wà nílẹ̀, ẹnìkan ló sì gbọ́dọ̀ gbé e dání.

Bí Jane Foster, Thor obìnrin yẹn, ṣe délé Thor nìyẹn. Thor ò lè gbé òòlù ẹ̀ mọ́, Jane gbé e. Jẹjẹrẹ ọyàn ń bá obìnrin yìí jà o, gbogbo ìgbà tó bá sì ti di Thor ni agbára òòlù máa ń fọ oògùn jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ ni kì í fọ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀mí tó bá gbà là, tiẹ̀ ló ń ná. 2014 ló gbà á, 2018 ló gbé e kalẹ̀. Mo ti jókòó ti ẹni tó ní àìsàn yìí rí, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu mi lórí ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ka ibẹ̀ tán tó ṣì ń sọ pé obìnrin kẹ̀, màá kàn máa wò ó ni.

Ibi tí Onígbàjámọ̀ ti jàre: oyè ò jọ orúkọ. Captain America, oyè ni. Green Lantern, oyè ni, wọ́n tiẹ̀ pọ̀ bí ọlọ́pàá. Black Panther, oyè ọba ni, Shuri ti jẹ ẹ́ nínú kọ́míìkì ní 2009 kó tó wá jẹ ẹ́ nínú fíìmù ní 2022. Thor kẹ̀, orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ni. Fojú inú wò ó kí ẹnìkan kàn wọ ilé yín kó ní láti òní lọ òun ni Adébáyọ̀, Adébáyọ̀ gidi sì wà ní kọ̀rọ̀ tó ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Àmọ́ Thor fúnra ẹ̀ ló gbé orúkọ náà lé Jane lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Odinson. Jane ò jí i.

Bàbá_Kọ́míìkì_Òǹdó:
Tíṣà, o káre. Ní Òǹdó tiwa, ìtàn ní obìnrin ni Òṣemàwé àkọ́kọ́, Púpùpú lorúkọ ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi obìnrin dẹ́rù bà wá. Jẹ́ kí n sì tú ibi tó o dì sílẹ̀. Thor tó kọ́kọ́ jáde ní 1962, dókítà arọ kan ni, Donald Blake, ó rí ọ̀pá nínú ihò àpáta, ó là á mọ́lẹ̀, ọ̀pá di òòlù, òun náà di Thor. Wọ́n kọ ọ́ sára òòlù yẹn pé ẹni tó bá yẹ ló máa ní agbára Thor. Láti ìtàn àkọ́kọ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_FUTA:
Ẹ̀yin àgbà ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò mọ Hal Jordan kankan rí o. Kátúùnù Justice League tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ni mo fi mọ gbogbo wọn, bọ̀dá mi ni wọ́n rà á sínú CD kan tí àwòrán ara páálí ẹ̀ ò bá ohun tó wà nínú ẹ̀ mu, John Stewart ni Green Lantern níbẹ̀, ọkùnrin dúdú, sójà tẹ́lẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín, ó dà bí ọ̀gá tó ń rí sí ìwà ní ilé ìwé wa. Fíìmù 2011 wá dé, òyìnbó kan ló gbé òrùka wọ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ta ni wọ́n fi rọ́pò John? Inú bí mi gidi gan-an! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kà á pé 1971 ni wọ́n mú John wọlé, igbákejì Hal sì ni. Èmi rèé tí mò ń bínú sí ẹni tó nilé pé ó wọlé ẹ̀. Onígbàjámọ̀, ẹni tá a bá lórí àga lá à ń pè ní ọba o, àbúrò yín náà máa bínú bí ẹ ṣe ń bínú yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlòmíì wọ aṣọ Miles.

Mọ́mì_Ọlọ́mọmẹ́ta:
Ẹ ti ń yí èyí tí mo fẹ́ sọ po. Àwọ̀ ni. Nígbà tí Miles dé ní 2011, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń bú u kí wọ́n tó ka ojú ìwé kan, kí ló ṣe? Bàbá ẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Puerto Rico, kò ju ìyẹn lọ. Àwa tá a dúdú bí kóró iṣin ní Àkúrẹ́ níbí wá jókòó, à ń bá wọn yá ìbínú tí kì í ṣe tiwa. Ọmọ mi ọkùnrin wọ aṣọ Miles lọ sí pátì ìparí ọdún ní ilé ìwé wọn, ìgbà tí mo débẹ̀ ó ti ṣí ìbòjú, ó fi há abẹ́ apá, mo ní kí ló dé tí o ò dé e, ó ní tóun bá dé e wọn ò ní mọ̀ pé Miles lòun, wọ́n á rò pé Peter ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbádùn ara ẹ̀ jàre.

Bàbá_Kọ́míìkì_Òǹdó:
Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ. Rhodey náà wọ aṣọ Iron Man ní 1983 nígbà tí ọtí borí Tony Stark tó ni aṣọ, ọkùnrin dúdú lòun náà, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta.

Onígbàjámọ̀_ÒkèÀró:
Mọ́mì ẹ má bínú, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ọmọ yín rárá, ó tiẹ̀ gbọ́n. Kì í ṣe àwọ̀ ló ń dùn mí, àmọ́ mo gbà pé mi ò ronú débẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi ṣàlàyé fún mi lálẹ́ àná, ọmọ yìí jókòó tì mí bí lọ́yà. Ó ní Peter tó kú kí Miles tó gbapò ẹ̀ yẹn kì í ṣe Peter tèmi, ayé ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, ibi tó ti ń gba àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́wọ́ Green Goblin ọ̀tá ẹ̀ ló kú sí, Miles ò sì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tó gbà á. Peter tèmi wà láàyè, láti 2015 ni àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú ayé kan náà, wọ́n jọ ń jẹ́ Spider-Man. Mo ní òun ti ń sọ ọ́ láti ìgbà wo, ó ní láti ọdún tó kọjá, èmi ni mi ò gbọ́.

Síbẹ̀ ibì kan wà tí mi ò ní kúrò. Sam Wilson. Ọkùnrin yìí ti ń jẹ́ Falcon láti 1969, ó ń fò, ẹyẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó ti lórúkọ. Kí ló dé tó fi di dandan kó gba apata Captain America lọ́wọ́ ẹlòmíì kí wọ́n tó gbà pé ó tó èèyàn? Ọmọbìnrin Iron Man yẹn, Riri, wọ́n sọ ọ́ ní Ironheart, orúkọ tiẹ̀ nìyẹn, ara mi balẹ̀ sí i. Ẹ bá mi dáhùn ti Sam.

Ajé_ni_kókó:
Torí apata ló ń tà. Ìyẹ́ ò tà.

Àǹtí_Tíṣà:
Mi ò lè dáhùn ìyẹn, kò dùn mọ́ èmi náà.

Onígbàjámọ̀_ÒkèÀró:
Ẹ kú àárọ̀ o, ọjọ́ Sátidé ti kọjá, àwọn kan ń bi mí bó ṣe lọ. Bọ̀dá ọlọ́dà dé, mo ní kó ya Peter, ṣọ́ọ̀bù mi ni, èmi ni mò ń san owó ilé. Ó ya orí, ó ya àyà, pupa dán gbinrin. Ó dé ìdí, búlúù tán nínú agolo, àwọn tó ń ta ọ̀dà ti tìlẹ̀kùn, ó sì láwọn ń lọ síbi ìnáwó kan ní Ìdànrè lọ́jọ́ kejì. Dúdú ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ṣé kóun fi dúdú parí ẹsẹ̀ ẹ̀, mo wo àbúrò mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó parí ẹ̀.

Kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ tó wọlé láàárọ̀ yìí dúró níwájú sáìnbọ́ọ̀dù, ó wò ó títí, ó wá kí mi pé mo kú iṣẹ́, Deadpool yẹn dáa gan-an. Ẹlòmíì pátápátá nìyẹn o, pupa àti dúdú ni aṣọ tiẹ̀!